Ní Wọ́ọ̀dù Àwọn Ẹlẹ́nu Wáyà

Ẹja

Lọ́jọ́ tí èmi àti ìyàwó mi wà pọ̀ kẹ́yìn, eegun ẹja ló ń yọ. Ó jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná wa ní Ìjẹ̀bú-Òde, ó gbé abọ́ lé ẹsẹ̀, ó ń ya ẹja gbígbẹ sí wẹ́wẹ́ fún ìkọ́kọrẹ́ alẹ́. Kì í lo ọ̀bẹ. Ìka ló fi ń wá eegun kiri nínú ẹja náà, bí ẹni tó ń wá iná lórí ọmọ.

"Tíṣà," ó ní, "ẹ gbé ojú kúrò nínú ìwé ìròyìn yẹn kí ẹ wo nǹkan. Eegun kan ṣoṣo kò ní bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ dé ẹnu yín."

"Bí ọ̀kan bá bọ́ ńkọ́?"

"Ẹ ó pariwo. Ẹ ò kúkú mọ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́."

Tíṣà ló ń pè mí láti ìgbà tí mo ti jẹ́ tíṣà lóòótọ́, títí mo fi di ọ̀gá ilé ìwé, títí mo fi fẹ̀yìntì. Ó ní níwọ̀n ìgbà tí ipò kò ti yí ìwà mi padà, òun náà kò rí ìdí tí òun yóò fi yí orúkọ padà.

Kókó kan tó wú sí àgbọ̀n mi lápá òsì ló fa gbogbo eegun yíyọ yìí. Kò dùn mí. Ó kàn ń dàgbà jẹ́jẹ́, bí ọmọ tí wọ́n bí sílé olówó, títí àwọn eyín tó wà lórí rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí mì. Ẹ̀gbọ́n mi kan ní Ìbefun ní akokoro ni, kí n máa fi kanáfùrù há a. Ará ṣọ́ọ̀ṣì wa kan ní ààwẹ̀ ló kù. Dókítà tí mo lọ bá ní Ìbàdàn ló ya fọ́tò eegun náà, ó gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀, ó sì fi hàn mí pé ṣe ni kókó náà ń jẹ eegun àgbọ̀n mi láti inú, bí ikán ṣe ń jẹ òpó ilé. Ó ní kì í ṣe jẹjẹrẹ. Ṣùgbọ́n bí mo bá fi í sílẹ̀, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí àgbọ̀n náà yóò ṣẹ́ níbi tí mo bá ti ń jẹ ẹ̀bà lọ́wọ́.

Wọ́n mọ iṣẹ́ náà ṣe ní Ìbàdàn, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mo sọ pé wọn kò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ọmọ wa, Rẹ̀mí, ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Gílásígò ní ilẹ̀ Sìkọ́tíláǹdì, ó sì ti kọ̀wé pé ọ̀dọ̀ òun ni kí àwa méjèèjì máa bọ̀, kí wọ́n ṣe ẹnu mi, kí ìyá òun sì rí ọmọ tí òun fẹ́ bí. Ìyàwó mi ti jọ gààrí tí a ó gbé lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ló jọ̀ ọ́, ó ní gààrí tí kò kúnná kò gbọdọ̀ dé iwájú òyìnbó, wọn á rò pé yangí ni à ń jẹ nílé. Ó dà á sínú agolo mílíìkì ńlá kan, ó fi ọ̀rá dì í lórí.

A jẹ ìkọ́kọrẹ́ náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn. N kò bá eegun kankan pàdé. Ó sùn, nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kò jí.

N kò ní nǹkan mìíràn láti sọ nípa ìyẹn.

Ìkúnlẹ̀

Ní ìlú wa, a kì í fi ọlọ́fọ̀ sílẹ̀ ní òun nìkan. Ilé mi kún láti òwúrọ̀ di alẹ́. Àwọn tí n kò rí láti ìgbà tí mo ti ń fi ẹgba kọ́ wọn ní ìṣirò wá jókòó, wọ́n ní "Ẹ kú ìrọ́jú sà," wọ́n mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò, wọ́n wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi. Ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ kí mi pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: "Ẹ kú ìrọ́jú ti màmá, ẹ sì kú ìrọ́jú ti ẹ̀rẹ̀kẹ́." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún méjèèjì.

Rẹ̀mí kò lè wá síbi ìsìnkú. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni. Nítorí náà, nígbà tí mo gbéra lọ sí Gílásígò lọ́dún 1984, èmi nìkan ni mo lọ, èmi àti agolo gààrí.

Ìyá kan tó ń yẹ ẹrù wò ní pápákọ̀ òfuurufú ṣí agolo náà, ó wo inú rẹ̀, ó wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, ó tún wo inú agolo.

"Kí lẹ ń fi èyí ṣe?"

"À ń mu ún," mo ní.

"Ẹ̀ ń mu ún?"

"À ń jẹ ẹ́ náà."

Ó fi ọ̀rá rẹ̀ dì í padà, ó sì ní kí n máa lọ. Mo rò pé ó gbà pé bí nǹkan náà bá burú, ó ti ṣe mí ní ohun tó fẹ́ ṣe mí tán.

Níta ni Rẹ̀mí ti ń dúró, ó pọn ọmọ. Bí ó ti rí mi báyìí, ó kúnlẹ̀. Kò kúnlẹ̀ díẹ̀ kó dìde bí àwọn ọmọ ìsinsìnyí. Ó lọ sílẹ̀ pátápátá lórí ilẹ̀ tútù náà, láàrin àwọn ènìyàn tó ń fa ẹrù kọjá, kò sì dìde. Mo mọ̀ pé kì í ṣe èmi nìkan ló ń kí. Àwọn òyìnbó yà fún wa bí omi ti ń yà fún àpáta. Ọkùnrin kan tó wọ fìlà pẹlẹbẹ ju àpò rẹ̀ sílẹ̀, ó sáré wá, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ọmọ mi dìde lábẹ́ apá.

"Ó ti tó, ó ti tó," ó ní. "Ẹsẹ̀ rẹ kò ṣẹ́?"

"Bàbá mi ni mò ń kí," Rẹ̀mí sọ, omijé lójú rẹ̀.

Ọkùnrin náà wò mí. Mo rí i lójú rẹ̀ pé ó ń ronú irú bàbá tí mo jẹ́. Ó bọ fìlà rẹ̀, ó kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó sì kúrò lọ́dọ̀ wa kíákíá.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ní ìlú náà nìyí: kò sí ẹni tó béèrè. Nílé, bí mo bá wọ ọkọ̀ láti Ìjẹ̀bú-Òde dé Ìjagun péré, kí n tó sọ̀ kalẹ̀, ẹni mẹ́rin á ti bi mí léèrè ohun tó ṣe mí lẹ́nu, ẹni kejì á ti fọwọ́ kàn án, ẹni kẹta á ti júwe ewé. Ní Gílásígò, mo wọ bọ́ọ̀sì pẹ̀lú ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó tó ọsàn, gbogbo ọkọ̀ sì yíjú sí fèrèsé bí ẹni pé òjò náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí rọ̀ ni. Wọ́n ń tò síbi ọkọ̀, jẹ́jẹ́, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Lọ́dún yẹn kan náà, ṣọ́jà ló ń fi kòbókò kọ́ wa bí a ṣe ń tò nílé. Mo wá ṣọ́jà náà yíká ibùdókọ̀ wọn, n kò rí i.

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ìwà wọn dùn mọ́ mi. Etí mi sinmi. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kan, ó ń ṣe mí bí ẹni pé èmi náà ti kú, tí kò sì sí ẹni tó sọ fún mi.

Ọ̀gbẹ́ni

Mo ti rò pé fífa eyín niṣẹ́ àwọn tí wọ́n ń pè ní oníṣẹ́-abẹ ẹnu. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀kan nínú wọn, ọkùnrin pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́ kan tó ní irun pupa, tí wọ́n fi mí lé lọ́wọ́.

"Dókítà," mo ní, "eyín mélòó lẹ ó fà?"

"Ọ̀gbẹ́ni ni wọ́n ń pè mí," ó ní. "Àwa tí a ń lo ọ̀bẹ kì í jẹ́ dókítà níbí."

Mo bi Rẹ̀mí bóyá ọkùnrin náà yege ìdánwò rẹ̀. Ó ní ó yege ju dókítà lọ, ìdí nìyẹn tó fi padà di ọ̀gbẹ́ni. Àṣà wọn ni. Mo ro àwọn ènìyàn kan nílé tí wọ́n ra dókítà, tí wọ́n so olóyè mọ́ ọn, tí wọ́n tún fi àlùfáà ìjọ lé e lórí. Bí irú wọn bá dé Sìkọ́tíláǹdì, wọ́n á ní kí wọ́n yege kí wọ́n tó lè jẹ́ ẹni lásán.

Níbi tí mo ti ń dúró kí wọ́n pè mí ni mo ti rí iṣẹ́ wọn. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá kí wọ́n gbẹ́ eyín ìkẹyìn rẹ̀ jáde, èyí tí àwọn òyìnbó ń pè ní eyín ọgbọ́n. Eyín náà dùbúlẹ̀ sínú eegun bí ọ̀lẹ, kò fẹ́ hù. Bàbá arúgbó kan ní eyín kíkẹ̀ tí ọyún rẹ̀ ti sọ̀ kalẹ̀ sí ọrùn, wọ́n sáré gbé e wọlé ṣáájú gbogbo wa nítorí irú ọyún bẹ́ẹ̀ lè dí ọ̀nà ọ̀fun. Ọmọ ọwọ́ kan wà níbẹ̀ tí wọ́n bí pẹ̀lú ètè tó là dé imú. Wọ́n ti rán an. Ìyá rẹ̀ ń fi han gbogbo ènìyàn bí ẹni tó ra aṣọ tuntun, ọmọ náà sì ń fi ètè náà rẹ́rìn-ín sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ ní ìlú náà tó wò mí tààrà.

Obìnrin kan tún wọlé tí ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀ tí kò lè pa dé. Ó yán, àgbọ̀n rẹ̀ sì yẹ̀ kúrò ní oríkèé. Ọ̀gbẹ́ni mi onírun pupa fi aṣọ wé àtàǹpàkò rẹ̀ méjèèjì, ó tì wọ́n bọ ẹnu obìnrin náà, ó tẹ eyín ẹ̀yìn sísàlẹ̀, ó tì í sẹ́yìn. Ó dún pọ́ọ́. Obìnrin náà pa ẹnu dé, ó nu itọ́, ó ní inú ìwàásù lòun wà nígbà tó ṣẹlẹ̀. Ó wù mí kí n bi í bóyá oníwàásù náà ti wàásù ní ìjọ wa rí.

Nígbà tó kàn mí, Ọ̀gbẹ́ni kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ wá. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tan iná sí mi lẹ́nu. Ó bi wọ́n ní ìbéèrè nípa eegun àgbọ̀n, wọ́n ń wo bàtà wọn. Mo mọ ìwò bàtà yẹn. Ọwọ́ mi ń wá ẹgba.

"A ó gé ibi tí kókó wà kúrò," Ọ̀gbẹ́ni sọ fún mi, "pẹ̀lú eegun tó wà láyìíká rẹ̀. Bí a bá kàn ha á jáde, yóò padà wá. A ó wá gé eegun díẹ̀ níbi ìbàdí rẹ, a ó gbẹ́ ẹ kó rí bí àgbọ̀n, a ó fi dí àlàfo náà."

"Eegun ìdí, lẹ́nu mi?"

"Lẹ́nu rẹ."

"Ṣé kò ní máa jókòó?"

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní lẹ́yìn náà wọ́n ó fi wáyà di eyín òkè mọ́ tìsàlẹ̀ fún bí oṣù kan àti ààbọ̀, kí eegun tuntun náà lè mú. Kò gbọdọ̀ yẹ̀. Bó bá yẹ̀, yóò kú síbẹ̀, wọ́n á yọ ọ́, a ó sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

"Mo sì fẹ́ kó o rántí," ó ní, "pé ìbàdí méjì péré lo ní."

Ta ló gbá ọ?

Wọ́ọ̀dù tí wọ́n gbé mi sí kún fún àwọn ọkùnrin tí àgbọ̀n wọn ti ṣẹ́. Mo rò pé jàǹbá ọkọ̀ ni. Rẹ̀mí ní kí n fi ọkàn balẹ̀, alẹ́ ọjọ́ Sátidé ni. Wọ́n ti gba owó ọ̀sẹ̀, wọ́n ti mu ọtí, wọ́n ti jiyàn lórí bọ́ọ̀lù. Iṣẹ́ tó pọ̀ jù lọ́wọ́ àwọn oníṣẹ́-abẹ ẹnu ní ìlú náà ni kí wọ́n máa to ohun tí ẹ̀ṣẹ́ túká.

Ẹni tó wà ní bẹ́ẹ̀dì tó kàn mí ń jẹ́ Jímì. Wẹ́dà ni níbi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ojú omi, apá rẹ̀ tó itan mi. Wọ́n ti fi wáyà di ẹnu tirẹ̀. Ó wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi fún ìgbà pípẹ́, ó sì fi eyín sọ̀rọ̀:

"Ta ló gbá ọ?"

Kí n má purọ́, inú mi dùn débi pé mo fẹ́ dì mọ́ ọn. Mo ṣàlàyé fún un pé kókó ni, pé ó ti wà níbẹ̀ fún ọdún bíi mẹ́ta. Ó mi orí.

"Ẹni náà lágbára," ó ní.

Mo ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, mo sì ti na àwọn kan nítorí rẹ̀. Nínú gbólóhùn mẹ́ta tí Jímì bá sọ, ọ̀kan ló ń yé mi. Àwọn nọ́ọ̀sì pàápàá, ṣe ni wọ́n ń kọ ọ́ lórin. Èyí tó kéré jù nínú wọn, tí kò lè ju ọmọ ogún ọdún lọ, ka orúkọ mi, ó ní, "Ẹ káàárọ̀, Sámú." Ìyá tó bí mi kò pè mí ní Sámú rí. Mo dáhùn. Nígbà tí ènìyàn bá wọ aṣọ tó ṣí lẹ́yìn, kò yẹ kó máa jà fún orúkọ.

Wọ́n fún mi ní oògùn oorun. Nígbà tí mo jí, ìbàdí mi ń ro mí ju ẹnu lọ, mo sì fẹ́ sọ bẹ́ẹ̀, ẹnu kò ṣí. Mo fi ahọ́n wò ó. Wáyà tín-ín-rín tín-ín-rín ni wọ́n fi so eyín mọ́ eyín, tí wọ́n lọ́ ọ, bí àgbẹ̀ ṣe ń so igi ọgbà kí ewúrẹ́ má baà wọlé. Wọ́n so ẹmú kan tí wọ́n fi ń gé wáyà rọ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì mi bí oògùn ìṣọ́. Bí èébì bá gbé mi, wọ́n gbọ́dọ̀ gé wáyà náà lójú ẹsẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ mo lè kú sínú èébì ara mi.

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí fi eyín sọ̀rọ̀ bíi ti Jímì, nǹkan kan ṣẹlẹ̀ tí n kò retí. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí yé mi. Wáyà ti mú òun náà lọ́ra, ó ti gba orin kúrò lẹ́nu rẹ̀. Àwa méjèèjì wá ń sọ èdè kan náà, èdè àwọn ẹlẹ́nu wáyà, tí àwọn nọ́ọ̀sì kò gbọ́.

"Àwọn ọ̀tá mi níbi iṣẹ́," mo sọ fún un, "ti pẹ́ tí wọ́n ń sọ pé ìdí ni mo fi ń sọ̀rọ̀."

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú nítorí ó ń dùn ún.

Gààrí

Oúnjẹ ibẹ̀ ni n kò lè dárí jì. Ohunkóhun tí wọ́n bá sè fún àwọn yòókù, wọ́n á lọ̀ ọ́ fún wa: ẹran, ọ̀dùnkún, kábéèjì, gbogbo rẹ̀ á jáde ní àwọ̀ kan náà, àwọ̀ omi tí wọ́n fi fọ abọ́. À ń fi ọ̀pá rọ́bà fà á mu. Ìyàwó Jímì gbé ẹja díndín tí wọ́n ti lọ̀ wá fún un. Jímì mu ún, ó di ojú.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, nígbà àbẹ̀wò, gbogbo ènìyàn ní àlejò àfi èmi. Rẹ̀mí wà níbi iṣẹ́. Mo ṣí àpótí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, mo gbé agolo náà jáde, mo tú ọ̀rá tí ìyàwó mi fi dì í. Òórùn kíkan rẹ̀ jáde.

Mo da díẹ̀ sínú ife, mo bu omi tútù àti ṣúgà sí i, mo fa omi rẹ̀ mu. Ibẹ̀ ló yẹ kí n dúró sí. Ṣùgbọ́n àlàfo kan wà lápá òsì níbi tí wọ́n ti yọ eyín mi, ìka sì lè dé ibẹ̀. Mo bu gààrí gbígbẹ díẹ̀, mo tì í sí i. Ó dùn. Mo tún bu òmíràn. Nígbà tí mo fi máa mọ ohun tí mò ń ṣe, mo ti fi omi lé e.

Gbogbo ọmọ Ìjẹ̀bú ló mọ̀ pé gààrí wa máa ń wú. Ohun tí a fi ń yangàn sí àwọn ìlú yòókù nìyẹn. Èmi fúnra mi ti dúró níwájú àwọn ọmọ ilé ìwé, mo ti sọ fún wọn pé kí wọ́n má bu ju ìdajì ife lọ.

Ó kún abẹ́ ahọ́n mi, ó ti ahọ́n sókè, ó lọ sẹ́yìn. N kò lè la ẹnu tu ú dànù, n kò sì lè gbé e mì. Imú nìkan ló kù, òtútù ìlú náà sì ti dí ìdajì rẹ̀. Jímì wo ojú mi, ó fo kúrò láàrin ìyàwó àti àwọn àna rẹ̀, ó tẹ aago tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń fi eyín pariwo bí ajá tí wọ́n di lẹ́nu.

Nọ́ọ̀sì kékeré náà dé, ó já ẹmú náà.

"Sámú, mo ní láti gé e."

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mo ń ro ìbàdí kan tó kù, mo sì ń ro àgbọ̀n tí yóò yẹ̀. Mo tún ń ro pé gààrí ìyàwó mi ni yóò fà á. Kì í ṣe nǹkan tí n bá lè sọ fún Rẹ̀mí.

"Bí n kò bá gé e, o lè kú."

Ọ̀gbẹ́ni onírun pupa wọlé lákòókò náà. Ó wo imú mi, ó gbọ́ pé èémí ṣì ń gba ibẹ̀ wọlé, ó sọ fún ọmọbìnrin náà pé kó di ẹmú mú sí ẹnu wáyà, kó má tíì tẹ̀ ẹ́. Ó tẹ orí mi síwájú. Ó fi abẹ́rẹ́ tí kò ní ṣóńṣó fín omi gba àlàfo òsì náà wọlé, ó fi ọ̀pá kékeré tó ń fa omi bọ ibẹ̀ pẹ̀lú, ó ń fín, ó ń fà, ó ń fín, ó ń fà, ó ń sọ fún mi pé, "Fi imú mí. Jẹ́jẹ́. Fi imú mí." Ó ṣe bẹ́ẹ̀ títí ahọ́n mi fi wálẹ̀. Wọn kò gé wáyà. Àgbọ̀n náà kò yẹ̀.

Ó gbé ohun tó fà jáde sókè síbi ìmọ́lẹ̀.

"Kí ni èyí?"

"Sìmẹ́ǹtì ni," Jímì dáhùn. "Ó ń rẹ́ iṣẹ́ tó o ṣe."

Nọ́ọ̀sì kékeré náà ti gbé agolo, ó ń lọ síbi ààtàn. Mo dìde pẹ̀lú ìbàdí tó ń ro mí, mo di agolo náà mú. Ó ní kò sí àyè fún un ní wọ́ọ̀dù, òun kò ní jẹ́ kí n tún pa ara mi. Mo sọ̀rọ̀. Kò gbọ́. Mo tún un sọ. Ó yíjú sí Ọ̀gbẹ́ni. Òun náà kò gbọ́.

Jímì tẹ́tí sí mi. Lẹ́yìn náà ó fi ojú wo ilẹ̀, ó sọ ọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó lè yé wọn.

"Ó ní ìyàwó òun ló jọ̀ ọ́," ó ní. "Ó ní ìyàwó òun ti kú."

Láti ìgbà tí mo ti kúrò ní Ìjẹ̀bú-Òde, n kò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Nílé, àwọn ènìyàn ló ń bá mi sọ ọ́, iṣẹ́ tèmi kò ju kí n dúpẹ́ lọ. Ìgbà àkọ́kọ́ tó ti ẹnu mi jáde nìyẹn, ẹnu náà wà ní dídì, wẹ́dà kan ló sì ṣe ògbufọ̀ rẹ̀.

Wọn kò kí mi ní ẹ kú ìrọ́jú. Wọn kò ní in. Ọmọbìnrin náà dúró, ó gbé agolo náà padà sínú àpótí mi, ó sì tún aṣọ bẹ́ẹ̀dì tí kò wọ́ ṣe. Ìyàwó Jímì gbé àga rẹ̀, ó fà á sáàárín bẹ́ẹ̀dì méjèèjì, èmi náà sì di ẹni tó ní àlejò.

Láti ọjọ́ kejì, lọ́sàn-án lọ́sàn-án, nọ́ọ̀sì kékeré náà á bu gààrí díẹ̀ sínú ife, á bu omi sí i, á fi aṣọ funfun tí wọ́n fi ń di egbò sẹ́ ẹ, omi rẹ̀ nìkan ni yóò gbé fún mi. Ọ̀gbẹ́ni da ṣíbí gààrí kan sínú gíláàsì omi lójú fèrèsé, ó ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ máa wò ó. Ó wú. Wọn kò wo bàtà wọn lọ́jọ́ yẹn.

Ilé

Nígbà tí wọ́n tú wáyà náà, ẹnu mi kò là ju ìbú ìka kan lọ. Wọ́n fún mi ní igi pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ tí n ó máa tò sáàárín eyín, kí n máa fi ọ̀kan kún un bí ẹnu ti ń là sí i. Wọ́n ṣe eyín àtọwọ́dá lé eegun ìbàdí mi lórí. Jímì ti lọ ṣáájú mi. Ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní bí mo bá tún padà wá, tí mo sì fẹ́ kí wọ́n bá mi gbá ẹnì kan, òun wà níbẹ̀ lálẹ́ Sátidé.

Ìjẹ̀bú-Òde bi mí ní ìbéèrè láti ibùdókọ̀ títí dé ilé. Wọ́n fọwọ́ kan àgbọ̀n mi. Nígbà tí mo sọ ibi tí eegun náà ti wá, ẹ̀gbọ́n mi ará Ìbefun ní òun kò ní bá mi jẹun láti inú abọ́ kan náà mọ́. Àwọn ìyá ìjọ ń gbé oúnjẹ wá nínú abọ́ olómorí, àbúrò ìyàwó mi sì fẹ́ rán ọmọ kan sí mi láti Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ta ni yóò máa dáná fún yín?" ó bi mí.

"Máa mú un bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀," mo ní. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ náà kò sì tètè dé.

Lọ́jọ́ kan, mo dá gbogbo abọ́ àwọn ìyá ìjọ padà, mo lọ ra ewùrà àti ẹja gbígbẹ. N kò dáná rí. Mo jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, mo rin ewùrà náà lára pánù tí wọ́n fi ìṣó lu ihò sí. Ewùrà yún mi dé ìgbọ̀nwọ́, kò sì sí ẹni tó sọ fún mi rí pé ó máa ń yún ni. Mo da ẹja sínú abọ́ ìyàwó mi, mo fi ìka wá eegun. Mo ro Ọ̀gbẹ́ni onírun pupa, mo ro ọwọ́ rẹ̀, ọwọ́ tèmi kò yá bẹ́ẹ̀. Iyọ̀ pọ̀ jù. Ìkọ́kọrẹ́ náà dì níbì kan, ó ṣàn níbòmíràn.

Mo bù ú, mo jókòó, mo jẹ ẹ́.

Eegun kan bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Mo bá a pàdé lápá òsì, láàrin eyín àtọwọ́dá wọn àti eyín mi. Mo la ẹnu láti pariwo, ẹnu náà sì là dáadáa. Mo wo ẹnu ọ̀nà.

Mo pa ẹnu dé. Mo rún eegun náà, mo gbé e mì, mo sì dìde lọ fọ abọ́ rẹ̀.